Òpó Oǹdó Lára Ògiri

Mo rántí ìgbà tí mo gbógun ti gbogbo ẹni tó bá lẹ ṣáàtì, àwòrán tó ń fi iye hàn, mọ́ inú ìròyìn iṣẹ́ bí ẹni ń lẹ fọ́tò mọ́ ògiri. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kòkó ní Àkúrẹ́, mo sì gbà pé èmi nìkan ni mo mọ nǹkan níbẹ̀. Iye inú àtẹ ìṣirò orí kọ̀ǹpútà á ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹta, ṣáàtì tí wọ́n lẹ̀ náà á ṣì dúró gbagidi, tí yóò máa pa irọ́ oṣù tó kọjá. Inú bí mi débi pé mo kọ ìwé ẹ̀hónú olójú ewé mẹ́rin sí ọ̀gá wa. Mo ní òkú ni ṣáàtì tí kò bá so mọ́ orísun iye rẹ̀, pé èyí tó bá so mọ́ ọn kò lè parọ́ láéláé. Mo fa ìlà sí abẹ́ “láéláé” yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀gá gbà. Mo ṣe àtẹ kan tí ọgbà ìtọ́jú ọmọ kòkó ti Àkúrẹ́ àti ti Oǹdó jọ ń lò, mo sì so ṣáàtì mọ́ ọn: òpó kan fún ìlú kọ̀ọ̀kan, tó ń fi iye ọmọ kòkó tó ṣì wà láàyè hàn. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ iye tuntun, òpó rẹ̀ á ga tàbí á rẹlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà le. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń fa omi ló wà nílẹ̀, ọ̀gá sì ti pinnu pé ọgbà tí òpó rẹ̀ bá kúrú jù lọ́jọ́ ìpàdé ni yóò gbé e lọ. Gbogbo wa mọ̀ pé Oǹdó ni. Kànga wọn ti gbẹ, àwọn àgbẹ̀ Bọ́lọ́rundúró tó ń retí ọmọ kòkó níbẹ̀ ti wá wò ó, wọ́n sì mirí lọ.

Lọ́jọ́ náà, mo fi iná ẹ̀rọ gbé ṣáàtì láti orí kọ̀ǹpútà sára ògiri níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wa. Òpó Oǹdó kúrú bí àpótí tí à ń jókòó lé dáná. Mo lanu láti ṣàlàyé, àfi bí òpó náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ó dé èjìká òpó Àkúrẹ́, ó sinmi díẹ̀, ó sì kọjá rẹ̀.

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. “Oǹdó ti gbérí o! Ẹ gbé ẹ̀rọ fún Àkúrẹ́.”

Mo sáré bọ́ síta, mo pe ìyá tó jẹ́ olórí ọgbà Oǹdó lórí fóònù.

“Mà, kí lẹ tẹ̀ síbẹ̀?”

“Mo kàn tún un ṣe díẹ̀ ni. Ṣé kí n jókòó tẹtẹrẹ níbí, kí Àkúrẹ́ máa ga jù wá lọ lójú gbogbo ayé?”

“Mà, ẹni tó bá kúrú ló ń gba ẹ̀rọ omi!”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?”

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mo ti kọ ojú ewé mẹ́rin nípa òkú ṣáàtì, n kò kọ gbólóhùn kan sí ìyá yìí nípa ohun tí a fẹ́ fi ààyè ṣáàtì ṣe.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dá a padà.”

“Kí wọ́n máa wò mí bí mo ṣe ń wálẹ̀? Ọmọ Àkúrẹ́, o ò tíì mọ Oǹdó.”

Mo wọlé lọ jẹ́wọ́ pé irọ́ ni òpó Oǹdó ń pa. Ọ̀gá fa ìwé mi yọ nínú fáìlì, ó kà á sókè. “‘Kò lè parọ́ láéláé.’ Ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ ni? O tún fa ìlà sí i.” Ẹ̀rín bo gbogbo yàrá náà. Ẹ̀rọ lọ sí ọgbà Àkúrẹ́, níbi tí omi ti pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní gbogbo Sátidé ẹ̀ẹ̀rùn náà, mo ń wọkọ̀ lọ sí Oǹdó lọ bá ìyá náà pọnmi. Kò bẹ̀ mí, èmi náà kò bẹ̀ ẹ́; garawa tó tóbi jù ló máa ń nà sí mi.

Títí dòní, ẹni tó bá lẹ òkú ṣáàtì mọ́ ìròyìn, mo ṣe tán láti bá a fà á. Ṣùgbọ́n díẹ̀ lára àwọn ọmọ kòkó náà ti ń so ní Bọ́lọ́rundúró báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí pé mélòó ni wọ́n, mo máa ń ní kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú oko, kó lọ kà wọ́n.