Ọjọ́ Tí Aṣọ Ìyá Mi Bo Gbogbo Àdúgbò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì tí ìyá mi ń ká aṣọ lé lọ, Onitsha ni à ń gbé, ní àdúgbò Odoakpu. Báńkì tí bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ ló gbé e lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ibikíbi tí ẹ bá kọjú sí nígbà náà, ẹ ó rí àlàpà ilé tí ogun wó, ẹ ó sì rí ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó epo ti ń wọ ìlú. Ariwo òòlù ló ń jí wa láàárọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, torí ó ń ṣe mí bíi pé gbogbo ìlú ń múra ọdún.

Aṣọ ni ìyá mi ń tà. Yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwa sì ń gbé lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá onílé wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọ Igbo ni, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, gbogbo wa sì ń pè é ní Nne, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá ní èdè wọn. Òun ló kọ́ mi ní Igbo, débi pé bí ìyá mi bá sọ Yorùbá sí mi, Igbo ni mo fi ń dá a lóhùn, yóò sì ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èmi ni mo bí ọ ni àbí Nne?"

Lọ́dún kan, ìyá mi kó ọjà Kérésìmesì dé láti Èkó. Ànkárá, léèsì àti àdìrẹ kún ṣọ́ọ̀bù dé àjà. Gbogbo ohun tó ní ló wà níbẹ̀. A ti rò pé òjò àrọ̀kúrò ti kásẹ̀ nílẹ̀, àfi bí ojú ọjọ́ ṣe ṣú láàárọ̀ Sátidé kan. Irú òjò yẹn kò wọ́pọ̀ láyé ìgbà náà. Ńṣe ló ń dà bí ẹni pé wọ́n ń tú àgbá omi dà sórí páànù. Kó tó di ọ̀sán, omi pupa ti wọlé, ó sì ti mù mí dé orúnkún.

Ìyá mi dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó gbá ìdì ànkárá kan mọ́ àyà. Àwọn ìdì aṣọ ìsàlẹ̀ ti mu omi yó, àwọn tòkè sì ti ń yẹ̀ ṣubú. Nne sọ̀ kalẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè. "Ndo," ó fi èdè rẹ̀ kí ìyá mi pẹ̀lẹ́. Ó wá kọjú síta, ó sì ké sí àwọn ará àdúgbò ní Igbo pé, "Ẹ jáde wá, omi ti wọ ilé ìyàwó wa."

Wọ́n jáde lóòótọ́. Télọ̀ wá, kápẹ́ńtà wá, àwọn ọmọ ilé ìwé wá. Wọ́n tò sórí àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n sì ń gba ìdì aṣọ lọ́wọ́ ara wọn títí ṣọ́ọ̀bù fi ṣófo.

Nígbà tí òjò dá, Nne ní, "Aṣọ tó bá sùn nínú omi ẹlẹ́rẹ̀, jíjẹrà ló máa jẹrà. Ẹ gbé báfù wá."

Ni wọ́n bá ń ṣan aṣọ, wọ́n ń fún un, wọ́n ń sá a. Okùn kò tó, wọ́n sá a sí fàráńdà gbogbo ilé, wọ́n sá a sórí igi tí àwọn bíríkìlà ń gùn ní ilé tuntun òdìkejì. Oòrùn yọ, afẹ́fẹ́ fẹ́, gbogbo títì wá pọ́n, ó yẹ́lò, ó sì tún ní àwọ̀ ewé. Àwa ọmọdé ń sá kiri lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá rò pé wọ́n ṣí ọjà tuntun, wọ́n ń béèrè iye tí à ń tà á. Ìgbà yẹn ni ìyá mi tó rẹ́rìn-ín. Aró àdìrẹ ti ràn mọ́ léèsì funfun kan, bàbá mi gbé e yẹ̀ wò, ó ní, "Èyí kò ṣeé tà. Tèmi nìyí." Ó fi rán bùbá, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Kérésìmesì.

Ṣùgbọ́n Nne kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ó tọ ipa gọ́tà lọ, ó sì rí i pé àwọn tó ń kọ́ ilé òdìkejì ti da àwókù bíríkì dí i. Ó pe onílé náà, ó ní, "Ọmọ mi, omi kò mọ olówó. Ibi tó ń gbà lo dí. Lọ́jọ́ mìíràn, ilé tìrẹ ló máa yà sí." Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun àti àwọn bíríkìlà rẹ̀ kó ṣọ́bìrì àti ọmọlanke wá, gbogbo àdúgbò sì bá wọn gbẹ́ gọ́tà náà. Wọ́n ń kọrin, àwọn obìnrin ń se ìrẹsì, èmi náà ń fi abọ́ ru yẹ̀pẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá tún rọ̀ lọ́dún kejì, a dúró sí fàráńdà Nne, à ń wo omi tó ń sáré lọ sí Odò Ọya, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Òjò tó jẹ́ àrà ọ̀tọ̀ fún wa nígbà náà ti di ohun tí ẹ̀yin ń rí léraléra. Odò Ọya ń ya wọ ilé onílé, ooru kò jẹ́ ká sinmi, àgbẹ̀ kò sì mọ ìgbà tí yóò gbìn mọ́. Àwọn onímọ̀ ní èéfín epo tí aráyé ń jó ló ń da ojú ọjọ́ rú. Epo yẹn náà ló sọ ayé di aláriwo ayọ̀ nígbà èwe mi, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀ fún ìjọba, ó sì ń bẹ fún wa. Èmi ti dàgbà, mi ò lè gbé ṣọ́bìrì mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbin igi tàbí gbẹ́ gọ́tà ládùúgbò yín, ẹ ránṣẹ́ pè mí. Ẹ ṣáà bá mi gbé àga kan sí ibòji, èmi ni màá máa dá orin fún yín.