Ẹ̀wà Tó Wà Lórí Iná ní Ẹ̀jìgbò

Mo rántí ìgbà tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa ní Àbíjáǹ, tí mo sáré wá sí Ẹ̀jìgbò láti wá mú ìyá mi lọ síbi ìkómọ. Ìyá mi ní òun ò lọ. Nígbà tí bàbá mi kú sí Àbíjáǹ lọ́jọ́sí, ọkọ̀ ilẹ̀ ni ìyá mi wọ̀ lọ síbi ìsìnkú. Ibodè kan ń dá a dúró, òmíràn ń gba tọwọ́ rẹ̀. Àwa Mùsùlùmí kì í sì í fi òkú pẹ́ nílẹ̀: nígbà tí yóò fi débẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ti gbẹ lórí sàréè. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Èmi ọ̀mọ̀ràn, mo yọ fóònù. Mo ní bàlúù la máa wọ̀ láti Èkó, pé ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rin kìlómítà.

"Kí ni mo fẹ́ fi kìlómítà ṣe? Sọ ọ́ kó yé mi."

Ẹ̀wà ló ń ṣà lọ́wọ́. Mo ní, "Màámi, bí wọ́n bá gbé ẹ̀wà yìí kaná nígbà tí a bá wọ bàlúù, kò ní jinná tí a ó fi balẹ̀."

Èmi tí mi ò se ẹ̀wà rí láyé mi! Àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni n óò gbé e kaná. Bó bá jinná kẹ́ ẹ tó balẹ̀, ẹ yáa padà wálé." Ìyá mi gbà, kì í sì í yẹ ohùn.

Ọ̀nà Ẹ̀jìgbò sí Èkó fojú wa rí màbo. Bí a ṣe jókòó sínú bàlúù, ìyá mi pe àbúrò rẹ̀ pé kó dáná. Ni bàlúù bá dúró sójú kan, kò gbéra. Iná ti ń jó lábẹ́ ìkòkò ní Ẹ̀jìgbò, àwa ò tíì kúrò nílẹ̀! Nígbà tó gbéra, ìyá mi ò wo ojú ọ̀run. Ẹ̀wà ló ń bi mí.

Bí a ṣe balẹ̀, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ó ti jinná?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣì le koko! Mi ò tíì fiyọ̀ sí i."

Mo pariwo ayọ̀ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ṣé bí ibí yìí ṣe súnmọ́lé tó nìyí? Ká ní bàlúù ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, ǹ bá bá bàbá rẹ kí wọ́n tó sin ín."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ìyá mi sì ti mọ ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú jù mí lọ. Bí ará Masifa tàbí ará Ara, àwọn ìlú ìtòsí wa, bá bi í bí Àbíjáǹ ṣe jìnnà tó, á ní kò tó kí ẹ̀wà jinná. Ṣùgbọ́n tó bá ti balẹ̀, ilé wa kọ́ ló ń kọ́kọ́ yà. Ó máa ń lọ kí bàbá mi ní sàréè ná, kó tó wá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀.