Apẹja Tí Wọ́n Ní Ó Lágbára Jù

Òórùn igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ló máa ń kọ́kọ́ dé sí mi nímú tí mo bá rántí ọdún yẹn. Ẹ̀yìn ibi ìlagi kan ní Òkè-Àgbò la máa ń jókòó sí, lábẹ́ páànù, lórí pákó tí kò tíì rí ẹni rà á, lẹ́yìn ìrun aláásárì ní gbogbo Sátidé. Lẹ́búlẹ́bú igi á máa bà lé wa lórí, tá a bá fi máa dìde, gbogbo wa ti hewú. Mo fẹ́ràn ewú yẹn, torí òun nìkan ló jọ ti àgbà lára mi. Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, àwọn ẹgbẹ́ mi ti wọ yunifásítì, èmi wà nílé, mò ń ṣọ́ adìẹ ìyá mi. Máàsì ló dá mi dúró. F ni mo gbà, F tó dúró ṣánṣán bí òpó iná.

Eré tá à ń ṣe, o lè má mọ̀ ọ́n. Kò ní pátákó bíi lúdò. Ẹnì kan ló ń pa ìtàn, àwọn tó kù, kálukú ní akọni tiẹ̀ nínú ìtàn yẹn. Tó bá dé ibi tó le, o á sọ ohun tí akọni ẹ fẹ́ ṣe, o á da dáìsì, dáìsì ló máa sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè ló kó o wá, nínú fọ́tókọ́pì tí ìdajì ẹ̀ ti ṣá, torí náà òun ló ń pa ìtàn. Àwa mẹ́ta là ń ṣeré: èmi, ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀, àti ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní òdìkejì títì.

Ibi tí fọ́tókọ́pì ti ṣá, àwa fúnra wa la ṣòfin síbẹ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé kan, gbogbo wa sì fọwọ́ sí i. Ogún máàkì ni kálukú máa pín fún akọni ẹ̀, sí apá, sí ẹsẹ̀, sí ọgbọ́n, sí ẹnu. Lẹ́yìn ìyẹn, akọni kọ̀ọ̀kan ní agbára kan, kò sì sí agbára tí kò ní èèwọ̀. Télọ̀ ló mú ìyẹn wá. Ó ní agbára tí kò bá ní èèwọ̀, ará àdúgbò ló máa fìyà jẹ. Jagunjagun ni ti káfíńtà, idà ẹ̀ ń la òkúta, àmọ́ kò gbọdọ̀ sùn lábẹ́ òrùlé. Ti télọ̀ lè pòórá, ẹ̀rín sì ni èèwọ̀ ẹ̀. Tèmi jẹ́ apẹja láti Efire, létí omi. Kò sẹ́ni tó lè ṣẹ́gun ẹ̀ nínú omi, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ na ẹnikẹ́ni lórí ilẹ̀. Mo mọ ara mi ni: ọmọ kíláàsì kejì ti lù mí rí. Omi tí mo sì ń pariwo ẹ̀ yìí, mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé Efire, inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti bì.

Síbẹ̀, apẹja yẹn gbé iṣẹ́ ṣe. Ìgbà tí kò lè jà lórí ilẹ̀, ẹnu ló ń lò. Á pọ́n ọ̀tá lé, á pè é wá jẹ ẹja, kí ọ̀tá tó mọ̀, ó ti wà nínú ọkọ̀. Oṣù méjì la fi ṣeré, kò kú. Wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, wọ́n ń dúró gbọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ní ibi gbogbo tó kù, ohun tí mi ò lè ṣe ni wọ́n ń gbọ́.

Bó ṣe di Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n gbé ọba burúkú kan dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi múra ẹ̀ sílẹ̀, ó tiẹ̀ ya ojú ẹ̀ sórí ìwé. Apẹja mi kí ọba yẹn títí, ó ní kó wá fi ojú ara ẹ̀ wo ibi tí ilẹ̀ ẹ̀ pin sí, láti orí omi. Mo da dáìsì, mẹ́fà. Ọba rì kó tó sọ gbólóhùn kejì. Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi yí dànù lórí pákó. Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Ó ní eré gbọ́dọ̀ dọ́gba, ó ní akọni mi ti lágbára jù, ó sì ń ba tàwọn tó kù jẹ́. Láti òní lọ, agbára omi di ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Tí mi ò bá gbà, apẹja ti kúrò nínú ìtàn nìyẹn.

Télọ̀ ní ká kọ́kọ́ yẹ ìwé wò. Ó ṣí ojú ewé mi, ó fi ìka kà á bó ṣe máa ń ka ojú téèpù: apá méjì, ẹsẹ̀ mẹ́ta, ọgbọ́n márùn-ún, ẹnu méje. Ó tún un kà. Ó wá fi híjáàbù bo ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n, mẹ́tàdínlógún ni. Kò tiẹ̀ pé."

Èmi ni mo ṣe ìṣirò yẹn, kí ló tún fẹ́ jẹ́? Akọni tó lágbára jù, máàkì mẹ́ta ni mo fi rẹ́ ẹ jẹ, láìsí ẹni tó rán mi. Ojú tì mí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ṣí bírò. Ó ní ó ti dáa bẹ́ẹ̀, òun máa fi mẹ́ta yẹn kún un, kí n fọwọ́ sí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, a ti dọ́gba nìyẹn. Ó na bírò sí mi. Mo sì fẹ́ gbà á o, má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Ẹni tó ti ń pàdánù máàkì láti kékeré, ó máa ń tètè na ọwọ́.

"Mi ò gbà, ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Mẹ́tàdínlógún yẹn ló rì ọba. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin tá a jọ kọ, ẹ ò lè dá a pa rẹ́."

"Ṣé èmi lò ń dá lóhùn? Dìde níbẹ̀."

Mi ò dìde. Mo lè sọ fún ẹ pé ìgboyà ni, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri lórí pákó. Télọ̀ fi ìwé sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé e. Káfíńtà ní tí omi bá di ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, kí idà òun náà di ẹ̀ẹ̀kan, ká wá wò ó bóyá eré á dùn. Ẹ̀gbọ́n kó dáìsì ẹ̀ sápò, ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Káfíńtà fi àjákù igi gbẹ́ dáìsì mìíràn fún wa, ó wọ́, ẹyọ kan ló ń jábọ́ ní gbogbo ìgbà, apẹja mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí ẹ̀. Sátidé kẹta, ẹ̀gbọ́n padà wá. Kò bẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n kì í bẹ àbúrò, ẹ̀pà ló máa ń rà. Ó da ẹ̀pà sáàárín, ó ní, "Níbo la bá ìtàn dé?" Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ mọ́.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà yẹn. Ẹni tó ní mo ti pọ̀ jù, kò tíì kà mí rí. Ìgbà tí wọ́n sì kà mí tí mi ò pé, wọ́n fẹ́ fi àánú kún un kí n lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò fẹ́. Mo ti tún ìdánwò máàsì ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ń nà mí. Nígbà tí mo ní mo tún fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin pè mí jókòó. Wọ́n ní kí n gbà pé kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ mi, kí n yéé da ara mi láàmú. Mo ní mi ò gbà. Wọ́n bi mí bóyá mo rò pé mo gbọ́n ju àwọn lọ ni.

Mo ní rárá sà, mi ò kàn gbà ni.