Ìdajì Ọ̀rọ̀ Dókítà

Ìyá mi gbọ́ Hausa ọjà dáadáa. Kò sí oníbàárà tó lè rẹ́ ẹ jẹ nídìí ẹja gbígbẹ tó ń tà ní Baga Road. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ń sọ, èmi tó rán nílé ìwé ni mo wá di ògbufọ̀.

Dókítà ní kókó jẹjẹrẹ inú ọmú rẹ̀ kò tíì tóbi jù, àwọn lè yọ kókó náà nìkan kí ọmú ṣẹ́kù. Àmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó gbọ́dọ̀ máa lọ sábẹ́ ẹ̀rọ onítànṣán tí yóò pa ìyókù jẹjẹrẹ náà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ní ìlú tó jìnnà sí Maiduguri. Tí a bá mọ̀ pé a ò ní lè lọ, ó ní ó sàn kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀. Ẹja yẹn ló ń bọ́ wa. Ta ni yóò gbà wá sílé níbẹ̀?

"Kí ló wí?" ìyá mi bi mí.

"Ó ní wọn ò ní gé e, Màámi. Kókó yẹn nìkan ni wọ́n máa yọ."

"Alhamdulillahi!" Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Oṣù mélòó ló ti fi ń sá fún ilé ìwòsàn nítorí ọ̀bẹ! Dókítà bi mí bóyá ó gba méjèèjì, iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀rọ. Èmi ọlọ́gbọ́n ayé, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nílé wa, a kì í da ọ̀rọ̀ búburú lé aláìsàn lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n yọ kókó náà tán, mo ní kí ojú ọgbẹ́ jiná ná kí n tó sọ ìyókù fún un. Ó jiná. Ó padà sídìí ẹja, ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀bẹ ń bẹ̀rù òun. Tí ilé ìwòsàn bá pè mí lórí fóònù, ìta ni mo ti ń gbé e. "A ń bọ̀," ni mò ń wí. A ò lọ. Ojú ń tì mí, mi ò sì sọ ọ́.

Kò pé ọdún kan, kókó mìíràn yọ lábẹ́ àpá náà, ikọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí èsì àyẹ̀wò dé, nọ́ọ̀sì kan fi Hausa bá ìyá mi sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó bi í pé kí ló dé tí kò lọ sábẹ́ ẹ̀rọ náà.

"Wane inji?" ìyá mi ní. Ẹ̀rọ wo?

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, títí kan pé jẹjẹrẹ náà ti dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ìyá mi ò sunkún. Ó kọjú sí mi, ó sọ ọ́ ní Yorùbá kí nọ́ọ̀sì má baà gbọ́:

"Ìwọ ọmọ yìí, ọmú tí ẹ ti mu tán, kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe? Ǹ bá ní kí wọ́n gé e."