Lísìtì Tí Mi Ò Kà Tán

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Ààyè-Èkìtì tiwa níbẹ̀, kò sí ohun tó ń já mi láyà tó bàbá mi. Kì í ṣe pé ó ń nà wá o. Àgbẹ̀ oníṣu ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ ọ́, abùṣe bùṣe. Mo pé ọmọ ogún ọdún, ẹ̀rù rẹ̀ ò kúrò lára mi.

Ọdún náà ni mo ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá mi ti ní bí èyí kò bá bọ́ sí i, kí n kẹ́rù mi lọ sí Ọ̀tùn, lọ́dọ̀ àbúrò òun obìnrin, kí n lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ aránṣọ dára, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn ló wà lọ́kàn mi. Bàbá mi pàápàá ti ń wí ní mọ́sálásí pé ọmọ òun á di dókítà.

Nígbà tá a gbọ́ pé orúkọ ti jáde, mo gun ọ̀kadà dé Ìdó, mo wọ takisí lọ sí yunifásítì. Láyé ìgbà yẹn, ara ògiri ni wọ́n ń lẹ lísìtì mọ́. Èrò pọ̀ bí eéṣú. Mo wá ti ìṣègùn kàn, mo kà á láti òkè délẹ̀, mo tún un kà. Orúkọ mi ò sí. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè, mo sá jáde.

Mo délé, mo parọ́. Mo ní wọn ò tíì lẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ru irọ́ náà. Bí bàbá mi bá wúkọ́, àyà mi á já. Bí ọ̀kadà bá dúró lójúde, mo máa ń rò pé ẹnìkan ló wá tú àṣírí mi.

Ní ọjọ́ keje, olùkọ́ mi àtijọ́, obìnrin kan, bá mi nídìí ẹ̀rọ omi, ó ní kí ló mú mi rù báyìí. Ẹkún ni mo fi dáhùn.

"Lísìtì ẹ̀ka mélòó lo kà?"

"Ti ìṣègùn nìkan, mà."

"Háà! Bí máàkì rẹ ò bá tó ti ìṣègùn, wọ́n lè fi ọ́ sí ẹ̀ka mìíràn. Lísìtì kejì sì tún ń bọ̀. Àmọ́ wọ́n máa ń dá ọjọ́ fún gbígba fọ́ọ̀mù o. Bó bá kọjá, ẹlòmíràn ni wọ́n á fún láyè rẹ."

Ẹ̀rù tuntun gun ti tẹ́lẹ̀ lórí. Mo gba oko lọ. Bàbá mi ń wa iṣu. Mo kúnlẹ̀ sórí ebè, mo jẹ́wọ́.

"Irọ́ lo pa fún mi, láti ọjọ́ mẹ́fà?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí, bàbá."

Ó fi àdá sílẹ̀, ó ní, "Dìde, lọ múra. A jọ ń lọ ni."

Nígbà tá a dé yunifásítì, ògiri kẹrin ni mo ti rí orúkọ mi.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, bàbá."

Mo rò pé ó parí fún mi. Ó wá ní, "Uṣẹ́ tí mo fi tọ́ yín yìí, wọ́n ń kọ́ ọ ní yunifásítì?" Ó bú sẹ́rìn-ín níwájú gbogbo èrò. Akọ̀wé tó fún mi ní fọ́ọ̀mù sọ pé ọ̀la ni gbígba fọ́ọ̀mù ń parí.

Iṣẹ́ náà ni mo fi ń jẹun títí dòní.

Ní báyìí, inú fóònù ni èsì ń bá àwọn ọmọ. Ọ̀nà ti yá, ẹ̀rù ò yí padà. Ẹ̀yin tí wọn ò bá gbà, ẹ kà á dópin, ẹ bèèrè. Ẹ̀ka mìíràn wà, lísìtì kejì wà, ọdún tó ń bọ̀ náà wà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù nísinsìnyí ni ilẹ̀kùn tí ọmọ tì mọ́ra rẹ̀, tòun ti fóònù nìkan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí èsì bá jáde nílé mi, ẹnu ilẹ̀kùn náà ni mo máa ń gbé àga sí, kí n jókòó, kí ọmọ má baà dá ìbànújẹ́ rẹ̀ gbé.