Abẹ́ Máńgòrò Tí Ìyá Mi Ń Gbá

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń sọ ọkọ́ nù kí wọ́n lè wá di akọ̀wé níbẹ̀. Ó gba ilẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀, ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ojú kánáàlì, ó gbin ọsàn, gúáfà àti máńgòrò sí i, ó sì kọ́ ilé onípákó wa sí òkè rẹ̀. Àwọn aládùúgbò máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó gbé oko wọ ìlú. Ọsàn rẹ̀ náà ni wọ́n ń rà jẹ ní ọjà Mushin.

Igi kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ọjà, máńgòrò tó sún mọ́ ẹ̀yìnkùlé wa jù lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí í ṣe àkọ́bí, inú ìṣaasùn ni wọ́n kó ìwọ́ rẹ̀ sí, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, bàbá mi sì gbin máńgòrò náà lé e lórí. Ibà ló pa ẹ̀gbọ́n mi kí èmi tó mọ ọ̀nà ilé ìwé. Àwọn àgbà ọkùnrin gbé e lọ sin, wọn kò fi oórì rẹ̀ han ìyá mi, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Wọ́n tún jáwọ́ nínú fífi orúkọ rẹ̀ pe ìyá mi. Orúkọ tèmi ni wọ́n fi ń pè é. Àwọn tó wá kí i ń sọ pé, "Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ." Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òwe yẹn, inú á bí mi. Ta ló ní kí wọ́n wá pa òwe fún un?

Igi náà nìkan ló kù fún un. Ìdájí ni ìyá mi ń jí, á mú ìgbálẹ̀, á gbá abẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi máa dán, tí kò ní sí ewé kan ṣoṣo níbẹ̀. Á wá jókòó síbẹ̀ díẹ̀ kó tó lọ dáná.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba ní kí ọkọ̀ fi apá òsì sílẹ̀, kó máa gba apá ọ̀tún, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ilẹ̀ wa lọ. Wọ́n ń kọ́lé lókè ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ń da kọnkéré, gbogbo omi tí ilẹ̀ wọn kò gbà mọ́ sì ń ya lù wá. Bàbá mi dojú ìjà kọ ọ̀gbàrá. Ó to táyà ògbólógbòó dí ojú ìdagẹ̀rẹ́, ó rọ erùpẹ̀ kún inú wọn. Ó gbin ewé tíì ní ìbú ìdagẹ̀rẹ́ náà, kí omi má baà rí ọ̀nà sáré. Ó kó ìgbẹ́ adìyẹ wálé fún ajílẹ̀, òórùn rẹ̀ sì lé wa kúrò lójúde. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbá ewé kúrò lábẹ́ igi mọ́. Ewé á jẹrà, ekòló á wọ ibẹ̀, ilẹ̀ á rọ̀, á máa mu omi. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Abẹ́ àwọn ọsàn di dúdú, ó rọ̀ múlọ́múlọ́ lẹ́sẹ̀.

Abẹ́ máńgòrò yẹn nìkan ló ṣì ń dán.

"Ìyá wọn, ewé ni aṣọ ilẹ̀," bàbá mi sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan. "O ń bọ́ ọ sí ìhòòhò lójoojúmọ́. Gbòǹgbò ti ń yọ síta, àbí o ò rí i ni?"

"Mo rí i."

"Ṣé wàá wá fi í sílẹ̀?"

"Kí ibẹ̀ wá dà bí ahoro? Kí ẹni tó ń kọjá máa wò ó bíi pé ọmọ yẹn ò ní ìyá? Ẹ má bínú, Bàbá wọn. Mi ò lè ṣe é."

Ọkùnrin tí gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò mọ ohùn rẹ̀, kò lè gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, á bu erùpẹ̀ bo gbòǹgbò. Tó bá di àárọ̀, ìgbálẹ̀ á wọ́ ọ kúrò, òjò á sì gbà á lọ́wọ́ ìgbálẹ̀. Mo ń wo àwọn méjèèjì, ọkàn mi ń bàjẹ́, nítorí ohun kan náà ni wọ́n ń dì mú.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni igi náà wó. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, a ń jẹun lọ́wọ́, a gbọ́ ìró kan tí kì í ṣe ti àrá. Nígbà tí a sáré jáde, máńgòrò ti dojú bolẹ̀ sí ọ̀nà kánáàlì, tòun ti èso rẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Kòtò ńlá ló kù nídìí rẹ̀, ọ̀gbàrá sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Àpáàdì ìṣaasùn náà wà létí kòtò. Àwọn igi ọsàn dúró digbí.

Ìyá mi dúró sínú òjò, kò sunkún. Mo rò pé bàbá mi máa sọ pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló rìn lọ sábẹ́ àwọn ọsàn, ó fi apá méjèèjì kó ewé ilẹ̀ tí òjò ti rin, ó gbé e wá, ó wá dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò sọ ẹrù kalẹ̀ sí.

"Kí lẹ dúró ń wò?" ìyá mi sọ. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ewé ni aṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò ó. Òtútù ti ń mú un tipẹ́."

Bàbá mi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewé bo kòtò náà.