Ọjọ́ Tí Mo Fi Síláìdì Pa Ìyá Mi

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní àdúgbò Bantama ní Kumasi kò rọrùn láti ṣàlàyé fún àwọn àgbà ilé wa. Mo máa ń ṣe síláìdì fún àwọn oníṣòwò: ẹni tó fẹ́ lọ bá báǹkì sọ̀rọ̀, ẹni tó ń wá kọ́ńtíráàtì. Wọ́n á mú ọ̀rọ̀ wá lórí ìwé tó ti rún, èmi á sọ ọ́ di àwòrán àti fídíò tí wọ́n lè fi han àwọn èèyàn lára ògiri. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa, mi ò ní í purọ́. Ìmọ̀ yẹn gan-an ló kó bá mi.

Ìyá mi máa ń rán bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àti kọ́tìnì ní àdúgbò Asawase, nínú ilé tí wọ́n bí i sí. Obìnrin mẹ́ta ló ń bá a ránṣọ. Láti ìgbà tí àwọn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí wọ́n ti rán tán ní òkè òkun ti kún ọjà, oníbàárà rẹ̀ ń dín kù, ó sì ti ń sọ ọ́ pé òun máa ní kí méjì nínú àwọn obìnrin náà máa lọ sílé. Ọ̀kan nínú wọn ti bá a ṣiṣẹ́ kí n tó mọ̀wé kà. Nígbà náà la gbọ́ pé ẹbí Asante kan tó ní ilé àlejò mẹ́rin ń wá ẹni tí yóò máa rán aṣọ ibùsùn fún wọn. Ìyá mi wò mí.

"Ìwọ tó o máa ń ṣe é fún ọmọ ẹlòmíì, ṣe tèmi. Ṣe é dáadáa paa."

Mo ṣe síláìdì mẹ́rìnlá. Mo fi dúdú ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ kí àwòrán lè yọ, mo fi pupa kọ ọ̀rọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níta báyìí. Síláìdì àkọ́kọ́ jẹ́ àwòrán ìyá mi nìkan, gbàgbà, láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán, kò sì rẹ́rìn-ín rárá. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, mo kọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo wá fi kún un pé ó fi gbogbo ayé rẹ̀ sin àwọn èèyàn. Mo fi orin dùùrù jẹ́jẹ́ sí i. Nígbà tí mo fi hàn án, ó ní, "Masha Allah." Àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ní ó dáa.

Ẹni tó bá mọ Kumasi ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Dúdú àti pupa ni aṣọ ọ̀fọ̀ níbí, póstà òkú sì wà lára gbogbo ògiri: ojú ńlá, ọdún, ọ̀rọ̀ dídùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá lára wọn. Ṣùgbọ́n mùsùlùmí ni wá ní tiwa. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, a ti sin ín kí wọ́n tó kírun Alásàárì, a kì í lẹ póstà kankan. Ọmọ Asante kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn láéláé. Àlejò tó dé lánàá gan-an á kọ́kọ́ béèrè. Àwa tí wọ́n bí síbí, tí a rò pé a ti mọ gbogbo rẹ̀, àwa ló lè ṣe é.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ẹbí náà, èèyàn márùn-ún ló jókòó dè wá. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Nana ló wà láàárín. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ mánéjà sọ fún wa pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré la ní, aránṣọ mìíràn ń dúró níta. Orí mi gbóná. Kàkà kí n bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ yíká láti apá ọ̀tún bí wọ́n ti ń ṣe, kí n sì sọ ẹni tí a jẹ́, mo kàn tẹrí ba díẹ̀, mo tẹ kọ̀ǹpútà. Mo fi í sílẹ̀ fún síláìdì kẹta láti sọ pé ìyá mi ló bá mi wá. Òun alára ti jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn bí ẹni tó kàn sìn mí wá.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ojú ìyá mi yọ lára ògiri.

Nana bọ́ awò ojú rẹ̀. "Awurade! Due, me ba, due." Ó ń bá mi kẹ́dùn. Ọkùnrin kan ṣí fìlà.

Wọ́n tọ́ mi pé a kì í jẹ́ kí ìkíni bọ́ sílẹ̀ láìdáhùn. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti fèsì: "Medaase, Nana." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Mo fọwọ́ ara mi fọwọ́ sí ikú ìyá mi.

"Subhanallah!" Ohùn náà ti ẹ̀bá ilẹ̀kùn wá. "Ta ló kú?"

Ìyá mi dìde. Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti apá ọ̀tún, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Nana. Ó sọ fún un lédè Twi pé, "Èmi lẹ̀ ń wò lára ògiri yẹn. Mi ò tíì kú o. Ọmọ mi ló ń kánjú."

Nana rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì fi ọwọ́ ìyá mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pé. Mánéjà ní àwọn á pè wá. Nínú iṣẹ́ tèmi, ẹni tó bá ní òun á pè ọ́ ti kọ̀ ọ́ nìyẹn.

Mo bẹ ìyá mi nínú táksì títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé. Ó ń wo ìta.

"Pé wọ́n pè mí lókùú kò dùn mí," ó wá sọ. "Ẹ̀mí gígùn nìyẹn, insha Allah. Ohun tó dùn mí wallahi ni pé mo wà níbẹ̀ láàyè, ògiri lo wá gbé ọ̀rọ̀ mi fún."

Mo sunkún. Ojú tì mí ju bó ti tì mí níwájú àwọn ẹbí yẹn lọ, nítorí òótọ́ ló sọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n pè. Nana ní kí obìnrin tó jáde látinú póstà padà wá.

Mo tún un ṣe. Funfun ni ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, síláìdì mẹ́fà, ọ̀rọ̀ ṣókí. Mo ya fídíò kékeré kan sí i: ọwọ́ ìyá mi tó ń fọ aṣọ kó tó gé e. Ó ní òun máa ń fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè súnkì tán kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Inú ilé yẹn ni mo dàgbà sí, mi ò mọ̀.

A bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ yíká. A mu omi tí wọ́n fún wa. Nígbà tí wọ́n béèrè ohun tó gbé wa wá, ìyá mi ló dáhùn, Twi àti Hausa lù mọ́ra lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti wò mí, mo tẹ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn fídíò náà, Nana béèrè pé báwo ni aṣọ náà ṣe máa ń pẹ́ tó. Mo la ẹnu. Ìyá mi wò mí lẹ́ẹ̀kan, mo pa á dé.

Ó fa bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kan yọ. Ó ní orí ibùsùn òun lòun ti ká a wá láàárọ̀ yẹn, ọdún kẹrin rẹ̀ rèé. Nana di etí kan mú, mánéjà di èkejì, wọ́n fà á tagbáratagbára. Kò ya. Nana gbé ìṣẹ́tí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fi èékánná ha òwú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè iye obìnrin tó ń bá ìyá mi ránṣọ.

"Mẹ́ta," ni ìyá mi wí.

Nana ní mẹ́ta kéré fún ilé mẹ́rin, kí ó wá ẹnì kan kún wọn.

Síláìdì méjì ṣì kù. Mo rọra pa kọ̀ǹpútà dé.